Orí Karùn-ún: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdílé Wa Nínú Ìwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ti fóònù láti wá orúkọ bàbá bàbá mi, "Ilutitun" ni mo tẹ̀ síbi tí sáìtì ìwádìí ìdílé kan ti béèrè ìlú tí wọ́n bí i sí. Mo fi ọdún 1915 sí i, mo sì ń retí. Òfo. Mo pín orúkọ náà sí méjì, "Ilu Titun". Òfo náà ni. Mo ti ń ráhùn pé àwọn òyìnbó ò ka tiwa sí nǹkan kan, àfi bí àbúrò bàbá mi ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà, gbọ́ orúkọ ìlú rẹ. Ìlú titun! Ibi tí wọ́n bí bàbá mi sí ní orúkọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe ibí ní titun."

Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wá ìlú bí a ṣe ń pè é lónìí. Orúkọ tí akọ̀wé ìgbà náà mọ̀ ọ́n sí ni kí ẹ wá. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè orúkọ abúlé tàbí àbà tí wọ́n ti ṣí wá, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gùn ún lókè bí ẹni ń gun àkàsọ̀: Òsooro, ilẹ̀ tí Rebuja ń jọba lé lórí, Ìkálẹ̀, Okitipupa Division, Ondo Province, Western Region. Ọdún 1967 ni Western Region di Western State, ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, nítorí náà ìwé tó bá ti dàgbà ju 1976 lọ kò lè mọ "Ondo State". Ẹ dán oríṣiríṣi ìkọsílẹ̀ wò: Osooro, Osoro, Oshoro. Ẹ sì ṣọ́ra fún Ìkàrẹ́ Àkókó. Kọ̀ǹpútà tó bá ka ìwé àtijọ́ fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ "Ikale" yàtọ̀ sí "Ikare". Mo ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ka ẹjọ́ àwọn ará Àkókó kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣìnà.

Kí ẹ tó tan fóònù

Ẹni tó bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì tíì bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń fi dátà ṣòfò ni. Ẹ lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ara bá tù wọ́n, ẹ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ orí fóònù yín, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn àgbà wa kì í sábà pe ọdún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè, àwa la máa wá fi ọdún sí i.

Bí ìyá bá ní wọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun "nígbà lúkúlúkú", àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni wọ́n ń wí, èyí tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Bí wọ́n bá ní "ọdún tí òòrùn kú, tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan tí àwọn adìyẹ wọlé sùn", ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947 nìyẹn. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lórí sáìtì NASA, níbi tí wọ́n to gbogbo ọjọ́ tí òòrùn dá tàbí tí yóò dá láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn sí, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí òjìji rẹ̀ gbà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi ò mọ ìwé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ẹnu àwọn ìyá wa mu tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà Orè kò nílò àlàyé fún ará Ìkálẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba Midwest wọlé títí wọ́n fi dé Orè, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ Yorùbá fi ń sọ "ó le kú, ìjà Orè" títí dòní. Obìnrin tó bá sọ pé òun gbé oyún sá wọnú igbó nígbà náà ti fún yín ní ọdún ìbí ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí ọmọ náà ń sọ nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá ní ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó pọ́n-ùn sí náírà, oṣù kìíní ọdún 1973 ni.

Nípa ìwé ẹ̀rí tó ń sọ nǹkan mìíràn yìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Western Region lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ tò lọ sílé ìwé láàárọ̀ náà, olùkọ́ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí wọ́n fi di etí òsì mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o wọlé, wọ́n sì kọ ọjọ́ orí kan fún un. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n "bí" ọ̀pọ̀ bàbá wa. Bàbá tèmi ní ọdún ìbí méjì, ti ilé ìwé àti ti ìyá rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má ṣe yan ọ̀kan kí ẹ da ìkejì nù, nítorí ọ̀kan ni ẹ óò bá nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ìkejì ni yóò sì bá ìtàn ilé mu.

Ẹni jẹ́ẹ́ kì í pọ̀ nínú ìwé

Ohun tí ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe ìwádìí yìí kọ́ mi ni pé ẹni jẹ́ẹ́ kì í pọ̀ nínú ìwé. Bàbá tó dáko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó tọ́ ọmọ rẹ̀, tó san owó orí lásìkò, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ títí ó fi kú, kí ni akọ̀wé fẹ́ kọ nípa rẹ̀? Ẹni tó jà sí ààlà oko, ẹni tó sá lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà, ẹni tí ìjọ bá wí nítorí ìyàwó kejì, ẹni tó bọ́ sọ́kọ̀ lọ sí Liverpool, àwọn ló kún inú fáìlì. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi ìyá àgbà pé irú èèyàn wo ni bàbá. Wọ́n á ní èèyàn rere ni. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló bá jà? Kóòtù wo ni wọ́n gbé e lọ? Ta ló kúrò nílé tí kò padà? Ta ló ṣiṣẹ́ fún òyìnbó? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò sọ sáìtì tí ẹ máa ṣí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹjọ́. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ àti fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ ló jinlẹ̀ jù lọ fún ìdílé Ìkálẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń jà sí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìran rẹ̀ fún adájọ́: èmi ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dò, tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Akọ̀wé á máa kọ ọ́ lọ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé tí Kenneth Onwuka Dike fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1954. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín fà á jáde láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀ tí àwa tó kù ò mọ̀. Ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ nípa wa ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ti kọ nọ́ńbà fáìlì tí wọ́n kà ní Ìbàdàn. Paul Richards kọ orí ìwé kan nípa ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ láti 1870 sí 1950. Ó jáde ní 1992 nínú ìwé tí wọ́n fi ṣe ìrántí Michael Crowder. Ẹ wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Google Books àti Google Scholar. JSTOR náà ń jẹ́ kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ lóṣù. Ẹ má wulẹ̀ ka ọ̀rọ̀ òkè nìkan, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣa gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "CSO 26" tàbí "Ondo Prof". CSO ni ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba ní Èkó. Ondo Prof ni ti ọ́fíìsì Ondo Province. Ẹni tó bá mú ogún nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wọ Ìbàdàn, tó mú lẹ́tà ìdánimọ̀ dání, á ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, kátálọ́ọ̀gì ni yóò kà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lára ohun tí ẹ óò bá pàdé ni àwọn ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Intelligence Report. Lẹ́yìn ogun àwọn obìnrin Ábá ní 1929, ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó máa jẹ ọba àti olóyè níbi gbogbo kí wọ́n lè tún ètò Native Administration ṣe. Sir Donald Cameron tó jẹ gómìnà láti 1931 sí 1935 ló tẹnu mọ́ ọn jù. Àwọn ajẹ́lẹ̀ bá ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń béèrè ìtàn. Gbogbo wa la mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí: nígbà tí òyìnbó tó lè fi ọ sábẹ́ ọba mìíràn bá ní kí o sọ ìtàn ìlú rẹ, ìtàn tó máa gbè ọ́ lo máa sọ. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé bẹ́ẹ̀ pé ìdílé báyìí ló ṣáájú ìdílé báyìí dé láti Ìbìní, ẹ wo ẹni tó sọ ọ́, ẹ wo ohun tó ń wá. Mo ti rí àwọn tó gbé ìwé náà kalẹ̀ bí Bíbélì níwájú ìgbìmọ̀ oyè. Ẹ̀rí ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rí ohun tí èèyàn kan sọ fún ajẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ni.

Ti àwọn ìyá wa

Orúkọ ọkùnrin ló kún inú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Bí ẹ bá ń wá obìnrin, ibi tí ẹ ti máa rí i ni ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jà sí owó ìdáná pé ta ni yóò dá a padà, àti ìwé ìrìbọmi, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ "ìyá ọmọ". P. C. Lloyd kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1966 nínú ìwé àtìgbàdégbà Man, ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ló ń ka ìran ní ọ̀dọ̀ bàbá nìkan: àwọn Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ń ka ti ìyá mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ìkálẹ̀ á ti mọ bí èyí ṣe rí nílé yín. Nítorí náà, ẹ má fi ojú ìwé ìyá sílẹ̀ lófìfo kí ẹ ní ẹ ti parí. Igi ìdílé tó ní ẹ̀ka kan ṣoṣo, ọ̀pá ni.

Akọ̀wé àti orúkọ wa

Orúkọ tí ẹ mọ̀ kọ́ ni akọ̀wé kọ. Ẹ̀ka-èdè wa ní ìró tí Yorùbá inú ìwé kò ní: a ní gh, ọ̀rọ̀ wa sì ń fi u bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo i. Akọ̀wé tó wá láti Abẹ́òkúta tàbí Èkó kò ní gbọ́ ọ bó ṣe yẹ, bí òun náà bá sì gbọ́ ọ, òyìnbó tó fẹ́ fọwọ́ sí i á yí i padà. Bí orúkọ ìdílé yín bá jẹ́ irú Ikuesan tàbí Ikuemenisan, ẹ fojú inú wo ọ̀nà mẹ́wàá tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, kí ẹ wá fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá a. FamilySearch, sáìtì tí mo máa ṣàlàyé níwájú, gba àmì ìràwọ̀ dípò lẹ́tà tí kò dá yín lójú. Bí ẹ bá tẹ Akinf*, á kó gbogbo Akinfolarin, Akinfosile àti Akinfemi wá. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ìwé àtijọ́ kò ní wọn.

Ẹ tún rántí pé orúkọ ìdílé kò tọ́jọ́ láàárín wa. Orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gan-an ló di orúkọ ìkẹyìn ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ ìkẹyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ. Ìgbàgbọ́ náà tún yí orúkọ padà: Ifá di Olú, Òrìṣà di Olúwa. Ìwé ìròyìn ni ẹ ti máa rí ẹ̀rí ìyẹn. Ìkéde ìpààrọ̀ orúkọ, "tẹ́lẹ̀ rí báyìí ni wọ́n ń pè mí, láti òní lọ báyìí ni mo ń jẹ́", àti ìkéde ìsìnkú tó to gbogbo ọmọ òkú sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ń gbé, ni mo ka sí wúrà. Iṣẹ́ tí Fu'ad Lawal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lórí Archivi.ng ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí: wọ́n ń ya àwòrán ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 sí 2010, kí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan wá inú wọn. Wọn kò tíì parí, nítorí náà ẹ máa padà lọ wò ó.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá tàbí akọ̀wé Pí-Dọ́bù-Dí, kó wo gásẹ́ẹ̀tì. Gazettes.africa ti kó ọ̀pọ̀ gásẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó lè wà níbẹ̀ ní ìlà kan.

Àwọn tó rìn jìnnà

Fún ẹni tó lọ sí ìlú òyìnbó kí òfuurufú tó di ọ̀nà gbogbo wa, ìwé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ló dára jù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú orúkọ àwọn tó bá ọkọ̀ wọ etíkun wọn láti 1878 sí 1960. BT 26 ni orúkọ àkójọ náà ní National Archives tó wà ní Kew, ó sì wà lórí Ancestry. Owó ni wọ́n ń gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní London ń jẹ́ kí èèyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín tó wà níbẹ̀ bá yín wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ Apapa tàbí Aureol ti Elder Dempster láti Èkó dé Liverpool, ẹ ó rí ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé tó ń lọ dé sí.

Ti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ tipátipá wà lórí sáìtì Slave Voyages. Yàtọ̀ sí ìtàn àwọn ọkọ̀, ó ní orúkọ 91,491 èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹrú láàárín 1808 sí 1862, tí wọ́n kọ orúkọ wọn ní Freetown àti Havana, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Orúkọ Yorùbá kún inú rẹ̀ débi pé ara á gbọ̀n yín. Kí ẹ tún fi ara balẹ̀ o: ìlú kì í sábà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, Òjó sì wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àyẹ̀wò DNA tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà náà rí bákan náà. Á sọ pé Nàìjíríà. Kò ní sọ pé Òsooro.

Ìwé ìjọ, ẹ kọ́kọ́ wá a ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ti ìgbà tó ṣáájú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yín wà lọ́dọ̀ CMS, ìyẹn Church Missionary Society. Láti ìgbà tí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti la ọ̀nà ìlà-oòrùn láti Èkó gba orí ọ̀sà lọ sí Oǹdó ni àwọn oníwàásù ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wa kọjá. Ọ̀kan nínú wọn, Charles Phillips, dé Oǹdó ní 1877, ó sì ń kọ ohun tó ń rí. Ìwé àwọn CMS wà ní Yunifásítì Birmingham, ṣùgbọ́n ìwé àtìgbàdégbà wọn, bíi Church Missionary Intelligencer, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive.

FamilySearch

Sáìtì yìí ni mo máa ń lò jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ló ni ín, Salt Lake City ni olú ilé wọn. Ẹ̀sìn wọn ló mú kí wọ́n máa kó orúkọ àwọn òkú jọ; ẹni tí ìyẹn kò bá bá lára mu, kó mọ̀ ọ́n kó tó wọlé. Ọdún 2021 ni wọ́n parí gbígbé gbogbo fíìmù ìwé tí wọ́n ti ń yà láti 1938 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwa tí a kò ní ìwé ìjọ ọ̀ọ́dúnrún ọdún bíi ti òyìnbó, ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ìtàn ẹnu: wọ́n ń rán àwọn èèyàn lọ bá àwọn àgbà ní abúlé ní Gánà, ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, wọ́n ń gba ìran ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Catalog, ẹ tẹ Nigeria, lẹ́yìn náà Ondo, kí ẹ wo ohun tó wà kí ẹ tó wá orúkọ kankan. Láti 2024, wọ́n ti ní ẹ̀rọ kan, Full Text, tó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi orúkọ abúlé wá inú rẹ̀ lóṣooṣù nítorí ìwé tuntun ń wọlé. Bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ lórí ìwé kan, ó lè jẹ́ pé inú ilé ìwádìí wọn nìkan ni ẹ ti lè ṣí i.

Igi ìdílé gbogboogbò orí sáìtì náà kò ní onílé. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè yí orúkọ bàbá ńlá yín padà lóru, kí ẹ jí kí ẹ rí i pé ó ti di ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹ máa tọ́jú ti yín sínú ìwé àjákọ.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ sáìtì àti ọjọ́ tí ẹ rí i sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn kọ lu kọ̀ǹpútà British Library, àkójọ ìwé tó wà nínú ewu tí wọ́n ti ń kó jọ láti 2004, tó ní ìwé Sierra Leone nínú, sì wọ òkùnkùn fún oṣù púpọ̀. Àwa náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ òkùnkùn ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà láìní iná ìjọba. Ẹ gba agbára sólà sínú páwà báǹkì lọ́sàn-án, kí ẹ ṣe ìwádìí lóru nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fúyẹ́.

Ti àwọn alààyè

Òfin ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà pé kí wọ́n forúkọ gbogbo ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ṣí ètò tuntun tí wọ́n fi ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wúlò fún ọmọ yín. Kò ní bá yín rí bàbá ńlá. Ìwé ẹ̀rí tí àgbàlagbà gbà níbẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi sí ipò kan náà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìbí.

Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà NIN, àwòrán ìwé ilẹ̀ ẹni tó wà láàyè, ẹ má gbé e síta, ì báà jẹ́ nínú WhatsApp ẹbí. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ kì í ka òfin. Bí ẹ bá sì rí ìwé tó kan ilẹ̀ tàbí oyè, olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, kì í ṣe gbogbo ayé. Mo mọ ìdílé kan tí wọn kò jókòó papọ̀ jẹ púpurú mọ́ nítorí ojú ìwé kan tí ọmọ kékeré kan yà láwòrán.

Mo fi ti ṣọ́jà sẹ́yìn nítorí òun ni mo ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mi lọ sí Bọ́mà, kò padà. Ìdílé ò rí lẹ́tà kankan gbà. Sáìtì Commonwealth War Graves Commission ní orúkọ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin dín ní ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,700,000, àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2021 pé wọn kò kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe kọ ti òyìnbó. Ẹ wá "Nigeria Regiment", kí ẹ yan ogun kejì, kí ẹ yan Rangoon Memorial ní Taukkyan, níbi tí nǹkan bí 27,000 orúkọ wà lára òkúta, ti àwọn tí kò ní sàréè. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn kan ní. Ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìkẹyìn àwọn mìíràn, nítorí náà ẹ wá "Ondo" àti "Okitipupa" bí ẹni pé orúkọ bàbá ni wọ́n.

Èèyàn mẹ́ta ni mo rí tí orúkọ wọn jọ tirẹ̀. Ọdún tí wọ́n kú bá a mu, iṣẹ́ ológun wọn bá a mu, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra. Mo gbé fóònù lọ bá ìyá àgbà, mo ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan iwájú orí ara wọn, lókè ojú òsì, wọ́n bi mí pé:

"Èwo nínú wọn ló ní àpá níbí?"